Bí Aṣọ Ṣe Ń Gbẹ, àti Bí A Ṣe Lè Tún Ẹ̀rọ Rẹ̀ Ṣe

 

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, tí ó sì dé Adégbàyí ní òwúrọ̀ Sátidé, ohun tí yóò rí ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé ni aṣọ tí a sá sórí okùn: aṣọ ilé-ìwé, ìró, bùbá, aṣọ ìkókó, aṣọ ìbora. Bí òjò bá sì ṣú lápá Ẹ̀gbẹ́dá, tìyá tọmọ ni yóò sáré jáde láti ká aṣọ. Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Aṣọ tí ó bá rí lórí okùn náà kò ní ṣàì pa á.

Ẹ̀rọ kan wà tí kò bẹ̀rù òjò. Inú ilé ni ó ń gbé, iná mànàmáná ni ó ń lò, bí a bá sì kó aṣọ tútù sí i nínú, gbígbẹ ni yóò jáde. Àwọn ará wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó, àwọn mìíràn sì ti gbé e bọ̀ wá sílé. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ẹ̀rọ amáṣọgbẹ. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn náà yékéyéké lè mọ ibi tí àrùn wà nígbà tí ẹ̀rọ náà bá dùbúlẹ̀ àìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn tí mò ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́. Kí ni ó ń mú aṣọ gbẹ? Gbogbo wọn a dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Oòrùn ni, sà." Ó dára. Nígbà náà, èé ṣe tí aṣọ fi ń yára gbẹ ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí òtútù ń mú wa láàárọ̀, tí oòrùn sì fi eruku bojú? Èé sì ti ṣe tí a ó fi sá aṣọ ní Oṣù Kẹfà, nígbà tí ooru ń mú wa làágùn, tí kò sì ní gbẹ títí di ọjọ́ kejì? Ìdí rẹ̀ ni pé ooru nìkan kọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, òùngbẹ omi ń gbẹ ẹ́, nítorí náà ó ń fa omi inú aṣọ mu. Afẹ́fẹ́ àsìkò òjò ti mu omi yó, kò sì lè gba òmíràn mọ́.

Ohun mẹ́ta ni ó ń mú aṣọ gbẹ. Èkíní ni ooru, tí ń sọ omi di oruku. Èkejì ni afẹ́fẹ́ tí ń rìn, tí ń gba oruku náà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ náà yóò gbà gbé omi jáde lọ. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn: ooru, afẹ́fẹ́, àti ọ̀nà àbáyọ.

Àwọn ìyá wa mọ̀ wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ayé àtijọ́, etí odò ni a ti ń fọ aṣọ, a ó sì tẹ́ ẹ sórí koríko tàbí sórí igbó kékeré kí oòrùn lè rí i. Àwọn aláró ni ọ̀gá nínú ìmọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, irú èyí tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, tí a ya òpó gbọ̀ngàn Màpó sí lára, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀kọ tí ó fi ya àrà gbẹ dáadáa kí ó tó ti aṣọ bọ inú ìkòkò aró. Bí aṣọ náà bá jáde nínú aró, àwọ̀ rẹ̀ á máa jọ ti ewé. Afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di búlúù. Wọn a rì í, wọn a fẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́, wọn a tún rì í, títí yóò fi dúdú bí wọ́n ti fẹ́. Aláró tí kò bá mọ ojú ọjọ́ kì í jèrè.

Àṣà fífi aṣọ sórí okùn tún ní ìdí mìíràn. Eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ wa tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Cordylobia anthropophaga. Ó fẹ́ràn láti yé ẹyin sí ilẹ̀ oníyanrìn tí ó wà ní ìbòòji, àti sára aṣọ tí kò gbẹ tán. Bí a bá wọ aṣọ náà, ẹyin tí ó ti di ìdin á wọ inú awọ ara, ojú rẹ̀ á sì wú bí eéwo. Nítorí náà ni ìyá ṣe ń sọ fún ọmọ pé kí ó má sá aṣọ sílẹ̀, kí ó sì lọ̀ ọ́ kí ó tó wọ̀ ọ́. Ooru áyọ́ọ̀nù ń pa ẹyin náà. Áyọ́ọ̀nù eléèédú àwọn alágbàfọ̀ ti gba ọ̀pọ̀ ìkókó lọ́wọ́ ìdin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, ìṣòro tiwọn yàtọ̀. Nígbà òtútù, omi inú aṣọ a máa dì lórí okùn títí aṣọ yóò fi le bí pákó. Ibẹ̀ ni ìtàn ẹ̀rọ amáṣọgbẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1800, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Pochon ṣe àgbá irin oníhò, ó gbé e ka orí iná, ó sì ń fi ọwọ́ yí i. Aṣọ gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín bá a gbẹ pẹ̀lú. Àwọn mìíràn jóná, àwọn mìíràn jáde pẹ̀lú ìdọ̀tí iná. Pochon rí ooru, ó rí ohun tí ń yí aṣọ, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà tí èéfín yóò gbà lọ.

Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹfà 1892, ìjọba Amẹ́ríkà fún George T. Sampson, ọmọ adúláwọ̀ tí ń gbé ní ìlú Dayton ní Ohio, ní ìwé-ẹ̀rí pé òun ni ó ṣe ẹ̀rọ amáṣọgbẹ tuntun kan. Férémù ni ó ṣe, tí a ń fi aṣọ kọ́ ní ìtòsí sítóòfù, tí a sì lè kó kúrò nílẹ̀ nígbà tí a kò bá lò ó mọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gbàgbé orúkọ yìí. Ọmọ adúláwọ̀ ní ọwọ́ nínú ọ̀pọ̀ ohun tí ayé ń lò.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. Ross Moore dé, ọmọ àgbẹ̀ ní North Dakota. Àánú ìyá rẹ̀ ṣe é, nítorí pé ìta nínú òtútù líle ni ìyá náà ti ń sá aṣọ. Ó kọ́ àtíbàbà kan, ó gbé sítóòfù sí i, ó sì na okùn aṣọ sínú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó ṣe àgbá tí iná mànàmáná ń yí. Kò ní owó tí yóò fi ṣe é tà, ó sì pẹ́ kí ó tó rí ilé iṣẹ́ tí yóò bá a ṣe é. Ilé iṣẹ́ Hamilton ní Wisconsin ni ó gbà, wọ́n sì gbé e jáde ní 1938 pẹ̀lú orúkọ náà June Day, èyí tí ó túmọ̀ sí ọjọ́ kan nínú Oṣù Kẹfà. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, Oṣù Kẹfà ni oòrùn ń ràn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Oṣù Kẹfà ni òjò ń rọ̀ jù!

Nínú ẹ̀rọ òní, hítà ni ó dúró fún oòrùn. Fáànù dúró fún afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan ń fi bẹ́líìtì yí àgbá tí aṣọ wà nínú rẹ̀. Páìpù sì wà tí ń gbé afẹ́fẹ́ tútù jáde síta. Irú mìíràn kò ní páìpù. Inú àgọ́ọ̀lù kékeré ni ó ń da omi rẹ̀ sí. Sẹ́ẹ́ kan wà lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ń gba ẹ̀gbọ̀n òwú tí ó ń re lára aṣọ. Fíúsì kékeré kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí yóò já bí ooru bá ti pọ̀ jù.

Iná tí ẹ̀rọ yìí ń jẹ kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba iná tó 2,400 watts, èyí tí ó tó tan gílóòbù oní-60 watts 40. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí agbára rẹ̀ kò tó 1,000 watts kò lè gbé e. Ẹni tí ó bá sì ra èyí tí a ṣe fún Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: iná méjì ni ó máa ń lò, 240 volts fún hítà àti 120 volts fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kì í bọ iná ilé wa láìfi í han ẹni tí ó mọ iṣẹ́ iná.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi kan ti Lọ́ńdọ̀nù dé sí ilé tí ó kọ́ ní Adégbàyí, ó sì gbé ẹ̀rọ amáṣọgbẹ rẹ̀ bọ̀. Ó lò ó fún ọdún kan, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ náà ń yí ṣùgbọ́n tí kò gbóná mọ́. Ó pe ọmọkùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ iná. Ọmọ náà tú u, ó fi tẹ́sítà dán an wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fíúsì yìí ni ó já. Ẹ jẹ́ kí n so wáyà méjèèjì pọ̀, yóò ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ ò sì ní náwó." Òótọ́ ni ó sọ. Yóò ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo bi í pé, "Àbúrò, kí ni ó já fíúsì náà?" Kò lè dáhùn. A bọ́ síta, a wo ẹnu páìpù lára ògiri. Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sí i, ẹ̀gbọ̀n òwú sì ti dí ìyókù pa. Ooru ń wọlé, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà jáde, fíúsì sì ṣe ohun tí a fi í síbẹ̀ láti ṣe. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí a bá pààrọ̀ fíúsì náà nígbà 10 tí a kò ro páìpù, nígbà 10 náà ni yóò já. Bí a bá sì so wáyà pọ̀, a ti lé olóde kúrò lẹ́nu ọ̀nà, a sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

Ohun tí olè náà lè ṣe kì í ṣe àwàdà. Ní Oṣù Kọkànlá 2015, ilé iṣẹ́ Whirlpool kéde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀gbọ̀n òwú lè bọ́ sórí hítà nínú irú àwọn ẹ̀rọ amáṣọgbẹ kan tí wọ́n ti ń ṣe láti 2004. Ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní mílíọ̀nù 5. Ní Oṣù Kẹjọ 2016, ọ̀kan nínú wọn gbiná ní Shepherd's Court, ilé alágbèékà 18 kan ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ẹbí tí ó ni í ń dúró de ẹni tí yóò wá tún un ṣe ni. Ẹ̀mí kankan kò bọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé sá jáde kúrò nínú ilé wọn. Òwú fúyẹ́, ó rọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá gbẹ tí ó sì bá ooru pàdé, kò yàtọ̀ sí ìṣáná.

Nítorí náà, bí ẹ̀rọ yín bá dákẹ́, ẹ ṣe báyìí. Ẹ kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Kí ẹ pa súìṣì nìkan kò tó. Bí aṣọ bá ń pẹ́ kí ó tó gbẹ, ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ wò: ẹ gbọn sẹ́ẹ́, ẹ ro páìpù títí dé ìta, ẹ sì da omi inú àgọ́ọ̀lù nù bí ó bá ní. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà yóò parí sí, kò sì ní gbà yín ní kọ́bọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń kùn ṣùgbọ́n tí àgbá kò yí, ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì ti já. Bí kò bá dáhùn rárá, ẹ wo bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe ń pa dé, nítorí kò ní ṣiṣẹ́ bí kò bá pa dé dáadáa. Bí ó bá ń yí tí kò gbóná, ẹ fi tẹ́sítà wo hítà àti fíúsì. Bí ọ̀kan bá ti já, ẹ ra irú rẹ̀ gan-an, ẹ má ṣe so wáyà pọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan kápásítọ̀ inú rẹ̀, nítorí ó lè fi iná pamọ́ lẹ́yìn tí a bá ti yọ púlọ́ọ̀gì. Èyí tí ń lo gáàsì, ẹ fi sílẹ̀ fún oníṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ dúró ti àgbà kí ẹ máa wò; ẹ má dá a ṣe.

Ní 2024, àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin tí ó mú un ní dandan fún àwọn tí ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí láti máa tún un ṣe fún oníbàárà tí ó bá béèrè, dípò kí a kàn sọ ọ́ nù. Ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi òfin gbé kalẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Awa tí a ń di igbá tí ó fọ́, tí a ń jó ìkòkò irin tí ó lu, a ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tí ó bàjẹ́ kò tíì kú.

Ọmọ tí ń ṣe iṣẹ́ iná yẹn ra fíúsì tuntun lọ́jọ́ kejì, ó sì fi wáyà olójú wẹ́wẹ́ bo ẹnu páìpù kí agbọ́n má bàa padà wá. Wáyà náà ń dí díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ni ó ṣe ń lọ gbọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń lo ẹ̀rọ rẹ̀ ní àsìkò òjò. Ní àsìkò ọyẹ́, orí okùn ni ó ń sá aṣọ sí bíi ti aládùúgbò rẹ̀, nítorí oòrùn kì í gba owó iná.