Bí A Ti Ń Yan Ibi Tí A Ó Tẹ̀dó Sí: Ìtàn Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní ìdálẹ̀ kì í yé bi wá, ìbáà jẹ́ nínú lẹ́tà, ìbáà jẹ́ lórí tẹlifóònù, tàbí nígbà tí wọ́n bá wálé ọdún: "Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, níbo ni kí á kọ́lé sí? Ṣé Ọ̀jọ́ ni, àbí Ìbà, àbí Òkòkòmáíkò?" Àwọn tí wọ́n ń gbé ìgboro Èkó pẹ̀lú, tí owó ilé ti fẹ́ lé kúrò ní Súrùlérè àti Yábàá, ń bi wá bákan náà. Kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Owó tí ènìyàn fi ogún ọdún kó jọ ni ó fẹ́ rì mọ́ ilẹ̀, bí ibi tí ó yàn kò bá sì dára, kò sí ẹni tí yóò san án padà fún un. Nítorí náà ni a kò fi ní í kánjú dáhùn. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí àwọn tí wọ́n ti yan ilẹ̀ yìí ṣáájú wa ti ṣe yàn án.

Àwa Àwórì ní ìtàn kan nípa yíyan ìlú, orúkọ wa gan-an sì ni ìtàn náà. Àwọn àgbà sọ pé nígbà tí Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, a fún un ní àwo kan, a ní kí ó gbé e lé orí odò, kí ó sì máa tẹ̀ lé e. Ibi tí àwo náà bá rì sí, níbẹ̀ ni kí ó tẹ̀dó. Àwo ń lọ lórí odò Ògùn, Ọlọ́fin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bá a lọ ní etí odò, títí ó fi rì ní Ìṣẹrì gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àgbà ti sọ. Nígbà tí a bá bèèrè àwo lọ́wọ́ wọn, èsì wọn ni pé, "Àwo ti rì." Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń jẹ́ Àwórì. Nínú kíláàsì, àwọn ọmọ a máa rẹ́rìn-ín pé àwo lásán ni ó yan ìlú fún àwọn baba ńlá wọn. Ṣùgbọ́n kí á rò ó wò. Àwo tí odò ń gbé lọ kò lè dúró níbi tí omi ti ń sáré. Ibi tí omi bá ti rọ̀ ni yóò ti yí po, ibi tí omi bá sì ti rọ̀, ẹja wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi lè gúnlẹ̀ níbẹ̀, ènìyàn sì lè rí omi mu. Lójú tiwa, àwo náà gbọ́n ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ń bá ènìyàn wá ilẹ̀ ní ayé òde òní lọ.

Láti Ìṣẹrì ni àwọn Àwórì ti fọ́n ká. Àwọn kan lọ sí Ẹ̀bútè Mẹ́tta àti Ìdó, àwọn mìíràn kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, ní ipa omi tí ó lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí àwọn ará wa Ẹ̀gùn ń gbé. Nípa ẹni tí ó kọ́kọ́ dé Ọ̀jọ́ àti ẹni tí ó kọ́kọ́ dé Ìbà, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní bí ó ti ń sọ tirẹ̀, ìwé ẹgbẹ́ kì í sì í ṣe kóòtù. A fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn Ọba wa àti àwọn ìjòyè wọn. Ohun tí gbogbo ojú rí ni ibi tí ìlú méjèèjì jókòó sí. Ọ̀jọ́ jókòó ti ẹsẹ̀ omi, níbi tí apẹja ti lè ti ọkọ̀ rẹ̀ sí omi ní òwúrọ̀, kí aya rẹ̀ sì gbé ẹja dé ọjà kí oòrùn tó mú. Ìbà fà sókè díẹ̀, síbi tí ilẹ̀ ti le fún oko. Kò sí èyí tí ó kọ́ ilé rẹ̀ sí àárín àbàtà. Àbàtà wà nígbà náà bí ó ti wà nísinsìnyí, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọ́ àti igi ògùrọ̀.

Báyìí ni nǹkan rí fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1954, nígbà tí a yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn tí a sì fi í ṣe olú-ìlú àpapọ̀, Ẹkùn Àgbádárìgì, tí Ọ̀jọ́ wà nínú rẹ̀, kò bá Èkó lọ. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó wà. Olùkọ́ ni wá, a kò sì lè ṣàì sọ pé ohun rere kan ti inú ìyẹn jáde, nítorí pé ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955 kàn wá pẹ̀lú. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ tí a sì so wá mọ́ ọn.

Àárín àwọn ọdún 1970 ni ayé yí padà, nígbà tí a la títì ńlá láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Ṣáájú títì yìí, omi ni ènìyàn ń wò kí ó tó yan ibùgbé. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú títì ni gbogbo ènìyàn ń wò. Ní ọdún 1975 ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní ẹ̀bá títì náà. Ní ọdún 1977 a ṣí ọgbà Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé, ọdún yẹn kan náà ni FESTAC. Ní ìparí àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni àwọn tí ń ta rédíò àti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kó kúrò ní Alábà ti ìhà Ajégúnlẹ̀ wá sí Ọ̀jọ́, wọ́n sì gbé orúkọ ọjà wọn dání. Ìyẹn ni ó di Alábà tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀. Àwọn ọmọ ogun ní bárékè ní Ọ̀jọ́. Lẹ́yìn èyí ni Alhaji Lateef Jakande, tí ó ṣe gómìnà láti ọdún 1979 dé 1983, kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà, tí ó sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1983, tí ọgbà rẹ̀ wà lẹ́bàá Ìyànà Ìbà. Nínú ọdún mẹ́wàá péré, abúlé tí a ti ń gbọ́ ìró àkùkọ láti òpin kan dé òpin kejì di ibi tí a kò mọ aládùúgbò ẹni mọ́. Òkòkòmáíkò ni ó yà wá lẹ́nu jù. Títì ni ó sọ ọ́ di ìlú: yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀bù, gáréèjì, ọjà alẹ́, gbogbo rẹ̀ kún etí títì bí eṣú. Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, ti ní nǹkan bíi 600,000 ènìyàn.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó yan ìlú nítorí ohun kan ṣoṣo tí ó wà nítòsí rẹ̀, ọwọ́ ohun náà ni ó fi ara rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ni ó gba ilé sí ìhà Volkswagen nítorí iṣẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 dé, àwọn ará Jámánì ti kó ẹsẹ̀ wọn kúrò, iṣẹ́ sì dá fún ọdún púpọ̀. Lónìí, orúkọ ibùdókọ̀ ni Volkswagen jẹ́ lẹ́nu àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀. Ẹ wo títì náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2009 ìjọba Babátúndé Fashola bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ sí ọ̀nà mẹ́wàá. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ó falẹ̀ ré kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni rò, ẹni tí ó sì ti yan Òkòkòmáíkò nítorí pé yóò yá a láti dé ibi iṣẹ́ ní Èkó di ẹni tí ń jáde nílé ní aago mẹ́rin òru. Nígbà tí a ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, tí a kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn tí òwò wọn gbára lé ọ̀nà yẹn mọ ohun tí ojú wọn rí.

Ilẹ̀ àti omi kò lọ sí ibì kankan ní tiwọn. Àbàtà tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ ti di púlọ́ọ̀tì. A ti da yanrìn lé e, a ti fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, ó sì dára lójú nínú oṣù Kejìlá, tí í ṣe oṣù tí àwọn ará ìdálẹ̀ máa ń wá rà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ilẹ̀ níhìn-ín, kí ó wá ní oṣù Keje tàbí oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí ó wo ara ògiri àwọn ilé tí ó ti wà níbẹ̀ bóyá àmì omi wà lára wọn, kí ó wo àwọ̀ omi inú kànga. Kí ó bi arúgbó tí ó bá rí ládùúgbò pé kí ni wọ́n ń pe ibẹ̀ kí a tó sọ ọ́ ní Ẹ̀sítéètì.

Ohun kejì ni ti ìwé. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti jáde ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti wà ní ìkáwọ́ gómìnà, apá tí ó pọ̀ nínú ilẹ̀ agbègbè wa ni ìjọba sì ti gbà fún iṣẹ́ ìlú. Síbẹ̀ àwọn kan ń tà á. Olùkọ́ kan tí a jọ ṣiṣẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan, ó gba rìsíìtì, ó ya fọ́tò pẹ̀lú baálé ẹbí náà, ó sì kọ́ ilé dé líńtẹ́ẹ̀lì kí ó tó mọ̀ pé ilẹ̀ ìjọba ni. Bí ó bá ti mú ìwé sọ́fè ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Sọfíyọ̀ Àgbà ní Aláùsá kí ó tó sanwó, wọn ì bá ti sọ fún un. Òfin tí ìjọba Akínwùnmí Ambode ṣe ní ọdún 2016 fi ẹ̀wọ̀n sí ọrùn àwọn tí ń fi ipá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olóhun, ṣùgbọ́n òfin kò lè sọ ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà di tẹni tí ó rà á.

Nípa ààbò, a kò ní í pa á mọ́ fún yín pé ìpayà ńlá bá gbogbo wa ní oṣù Keje ọdún 2016, nígbà tí àwọn agbébọn gbé Oníbà ti Ìbà, Ọba Goriola Oseni, lọ láti ààfin. Oṣù Kẹjọ ni Kábíyèsí tó padà wálé. Omi tí ń fún ni ní ẹja lè gbé olè wá pẹ̀lú, nítorí náà kí ẹni tí yóò kọ́lé sí etí omi bèèrè ẹni tí ń ṣọ́ òru ládùúgbò náà.

Bí ẹ bá wá ní dandan kí á dáhùn, èrò tiwa nìyí. Oníṣòwò tí ọjà Alábà ni oúnjẹ rẹ̀, kí ó wá sí Ọ̀jọ́, kí ó sì san owó ibẹ̀. Ẹni tí ó ní ọmọ tí ń lọ sí ilé ìwé, tí ó ń fẹ́ ilẹ̀ tí ó le àti àdúgbò tí a wọn títì rẹ̀ kí a tó kọ́lé, kí ó kọ́kọ́ wo ìhà Ìbà, tí ó ti ní káńsù tirẹ̀ láti ọdún 2003. Òkòkòmáíkò dára fún ẹni tí ó ṣì ń háyà yàrá, tí ó lè di ẹrù rẹ̀ bí nǹkan bá yí padà. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kò ní í gbà pẹ̀lú wa, pàápàá àwọn tí wọ́n ní ilẹ̀ ní Òkòkòmáíkò.

Ohun tí wọ́n fi ń ko wá lójú ni ọkọ̀ ojú irin. Ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari ṣí apá kìíní rẹ̀, kìlómítà 13 láti Marina dé Mile 2. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. (Kí àlejò má ṣe ṣìnà o: ìdúró tí wọ́n pè ní Alábà lórí rẹ̀ kì í ṣe Alábà ti Ọ̀jọ́.) Ọjọ́ tí a ṣí i náà ni a tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn apá kejì, láti Mile 2 dé Òkòkòmáíkò, èyí tí yóò sọ gbogbo rẹ̀ di kìlómítà 27. Láti ìgbà náà ni iye ilẹ̀ ti gòkè ní gbogbo ẹ̀bá títì. Láìpẹ́ yìí a bi ọkùnrin kan tí ń ta púlọ́ọ̀tì nítòsí ibẹ̀ bí omi ti ń ṣe sí ilẹ̀ náà ní oṣù Keje. Ó ní kí á má wulẹ̀ wo ilẹ̀, kí á wo bí ibùdó rélùwéè yóò ti sún mọ́ ọn tó.