Ìgbẹ́ Ọ̀rìn Lọ, Ìfun Kò Sinmi
Inú rírun tí kò lọ bọ̀rọ̀, tí ìgbẹ́ sì ń ṣe ségesège: jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ ń pè é ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ìrònú ni àwọn dókítà àtijọ́ kan ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní 1962, Chaudhary àti Truelove ní Oxford rí i pé ìgbẹ́ ọ̀rìn ló ṣáájú àìsàn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn aláìsàn wọn. Ní 2000, Spiller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nottingham tan ìmọ́lẹ̀ sí i: kòkòrò ti lọ, àmọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbógun ti àrùn ṣì pọ̀ nínú awọ ìfun, wíwú tí ojú lásán kò rí. Kì í ṣe ti gbogbo aláìsàn o. Síbẹ̀, ní Àkókó, níbi tí omi ti ń wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó yẹ kí dókítà béèrè irú omi tí ènìyàn ń mu kí ó tó ní ìrònú ló pọ̀ jù.