Láti Orí Búùtù Dé Orí Sálúbàtà: Ìtàn Bàtà Àwọn Afẹsẹ̀rìn ní Òkè Appalachia

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè rìn jìnnà, ó ní láti ní ohun tí yóò fi tẹ ilẹ̀. Nínú ìwé ìtàn, ọba, ogun àti òfin ni a sábà máa ń bá pàdé. Ọ̀rọ̀ bàtà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ yọ níbẹ̀. Síbẹ̀, bàtà a máa sọ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe, bí ọwọ́ rẹ̀ ti gùn tó, àti ohun tí ó ń bẹ̀rù. Nínú àròkọ yìí, bàtà àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lórí àwọn òkè ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni ó mú kí àwọn tí ń gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń sùn nínú àgọ́, tí wọ́n sì ń la odò kọjá, fi bàtà wúwo sílẹ̀ kí wọ́n tó gba èyí tí ó fúyẹ́?

Ipa ọ̀nà tí à ń wí ni a ń pè ní Appalachian Trail. Benton MacKaye ni ó dá àbá rẹ̀ ní ọdún 1921. Nígbà tí ó fi di ọdún 1937, a ti là á já láti ìpínlẹ̀ Georgia ní gúúsù títí dé Maine ní àríwá. Ìpínlẹ̀ 14 ni ó gbà kọjá, gígùn rẹ̀ sì ju 2,000 máìlì lọ. Igbó, àpáta, ẹrẹ̀ àti odò ni ó kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ti ń rìn lórí àwọn òkè wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́ kí MacKaye tó dá àbá. Àwọn Cherokee, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi agbára lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn ní ọdún 1838, a máa wọ bàtà awọ rírọ̀ tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ kò nípọn. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ a máa mọ irú ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀. Nítorí náà, bàtà fífúyẹ́ kì í ṣe àjèjì ní òkè Appalachia. Bàtà wúwo gan-an ni àjèjì.

Bàtà wúwo náà kò ṣàì ní ìdí tirẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun àti àwọn apọ́nkè ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti wá. Awọ tí ó nípọn ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn a sì kan ìṣó mọ́ ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ní ọdún 1935, àwọn apọ́nkè 6 kú lórí òkè Alps ní ilẹ̀ Ítálì nígbà tí ojú ọjọ́ dà rú mọ́ wọn lójijì. Bàtà tí wọ́n wọ̀, tí kò tó láti kojú òtútù àti yìnyín, wà lára ohun tí ó fa ikú wọn. Ọ̀rẹ́ wọn kan, Vitale Bramani, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1937, ó gbé ìtẹ̀lẹ̀ bàtà onírọ́bà jáde, èyí tí ó ní eyín ńlá-ńlá tí ń di ilẹ̀ mú. Láti inú orúkọ ọkùnrin yìí ni a ti fa orúkọ rẹ̀, Vibram, yọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi búùtù ṣẹ̀sín, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni a fi kọ́ ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní ọdún 1945, búùtù tí àwọn ológun lò kù kún ọjà Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Àwọn afẹsẹ̀rìn rà á wọ̀. Bàtà aláwọ ni Earl Shaffer náà wọ̀ ní ọdún 1948, nígbà tí ó di ẹni àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀ pé ó rin ọ̀nà náà já ní ìrìn kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀, ohun tí a ṣe fún yìnyín òkè Alps àti fún ojú ogun di ohun tí a kà sí dandan fún gbogbo ọ̀nà. Ẹni tí kò bá wọ búùtù ńlá, wọn a ní kò tíì múra.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ mú ojú ayé kúrò lára búùtù kì í ṣe ológun, kì í sì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìyá àgbà kan ni. Emma Gatewood ni orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ohio ni a ti bí i ní ọdún 1887. Ọmọ 11 ni ó bí. Ọkọ rẹ̀ fi ìyà jẹ ẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó kọ ara wọn sílẹ̀ ní ọdún 1941. Nígbà tí ìyà náà bá pọ̀ jù, inú igbó ni ó máa ń sá lọ fún ìsinmi. Inú ìwé ìròyìn National Geographic ni ó ti ka ìròyìn ipa ọ̀nà Appalachia. Ó gbìyànjú rẹ̀ láti Maine ní ọdún 1954, ṣùgbọ́n ó ṣìnà, awò ojú rẹ̀ fọ́, àwọn aṣọ́gbó sì rọ̀ ọ́ kí ó padà sílé.

Ó padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1955, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 67, ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun ń lọ rìn díẹ̀, ó sì mú ọ̀nà Georgia pọ̀n. Kò ní àgọ́, kò sì ní àpò ẹ̀yìn olówó ńlá. Àpò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni ó gbé kọ́ èjìká. Kúbùsù ológun kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ rọ́bà tí a fi ń bo ilé ìwẹ̀, èyí tí ó ń fi gba òjò. Ẹrù rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí kílò 9 lọ. Ní ẹsẹ̀ rẹ̀, kánfáàsì Keds ni ó wọ̀, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Ó tó bàtà 6 tàbí 7 tí ó gbó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí ó tó gun òkè Katahdin ní Maine ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ 146 ni ó fi rin nǹkan bí 2,050 máìlì. Kò sí obìnrin tí a kọ sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀ pé ó dá rin ọ̀nà náà já ní ìrìn kan ṣoṣo. Ó tún un rìn ní ọdún 1957. Nígbà tí ó sì di ọdún 1964, ó ti parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé má ṣe rò pé kánfáàsì nìkan ni ó gbé e débẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1955 yẹn, ìjì méjì tí a sọ ní Connie àti Diane rọ òjò àrọ̀ìrọ̀dá sí ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìyá àgbà dé Clarendon Gorge ní Vermont, àgbàrá ti gbé afárá lọ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí ó bá pàdé ni wọ́n fi okùn so ara wọn pọ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n mú un la omi náà já. Bàtà ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n okùn àti ènìyàn ni ó gba ẹ̀mí là.

Ohun tí ìyá àgbà fi ẹsẹ̀ mọ̀, àwọn olùwádìí fi ìwọ̀n mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1969, R. G. Soule àti R. F. Goldman, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Natick, wọn agbára tí ènìyàn ń lò bí ẹrù bá wà ní orí rẹ̀, ní ọwọ́ rẹ̀ àti ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí i pé láti gbé kílò kan lórí, agbára tí ó ń gbà jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1.2 agbára tí a fi ń gbé kílò kan nínú ara tiwa. Ṣùgbọ́n bí kílò náà bá wà ní ẹsẹ̀, ó di ìlọ́po 4 sí 6, gẹ́gẹ́ bí ìrìn náà bá ti yá tó. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹrù orí dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìṣísẹ̀ ni a ń gbé bàtà sókè tí a tún ń gbé e sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ru agbọ̀n lọ sí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún.

Síbẹ̀, àṣà kì í tètè kú. Ọdún 1992 ni Ray Jardine tẹ ìwé kan jáde fún àwọn tí ń rin ọ̀nà Pacific Crest Trail ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, tí ó gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi búùtù sílẹ̀, kí wọ́n wọ bàtà eré ìje. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ afẹsẹ̀rìn ti yí padà, tí bàtà fífúyẹ́ sì di ohun tí a ń rí ní gbogbo ọ̀nà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ odò àti ti àgọ́. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó dé etí odò kékeré a bọ́ bàtà rẹ̀ dání, a sì rọra wọ omi. Ṣùgbọ́n omi òkè wọ̀nyẹn tutù bíi yìnyín, òkúta rẹ̀ ń yọ̀, ó sì mú. Ẹsẹ̀ tí ó kú tipiri kì í mọ ibi tí ó ń tẹ̀. Bí ènìyàn bá sì wọ bàtà ìrìn rẹ̀ wọ omi, bàtà tútù ni yóò fi rin ìyókù ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì bó. Èyí ni ó fa wíwá bàtà kejì. Sálúbàtà onírọ́bà tí a ń fi ọmọ ìka há, tí ó tan kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ilẹ̀ Japan lẹ́yìn ogun 1945, fúyẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n omi tí ń ṣàn a máa já a gbà lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1984, Mark Thatcher, ẹni tí ń tọ́ àwọn àlejò sọ́nà lórí odò ní Grand Canyon, fi okùn kan kún sálúbàtà náà láti ẹ̀yìn kí ó lè di gìgísẹ̀ mú. Ó pe bàtà náà ní Teva. Okùn kékeré yẹn ni ó sọ bàtà ilé di bàtà odò. Ní ọdún 2002 ni Crocs jáde ní Colorado, bàtà fóòmù tí a kọ́kọ́ ṣe fún àwọn tí ń wa ọkọ̀ ojú omi. Kì í rì, kì í fa omi mu, ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn afẹsẹ̀rìn fi ń so ó kọ́ ẹ̀yìn àpò wọn, láti wọ̀ ọ́ ní àgọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá fẹ́ sinmi.

Àmọ́ ṣá o, odò kan wà tí kò gba bàtà kankan. Odò Kennebec ní Maine fẹ̀, ìsédò tí ó wà lókè rẹ̀ a sì máa tú omi sílẹ̀ lójijì. Ní ọdún 1985, afẹsẹ̀rìn kan kú sínú rẹ̀ níbi tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ là á kọjá. Lẹ́yìn èyí ni a ṣètò ọkọ̀ kékeré tí ń gbé ènìyàn sọdá lọ́fẹ̀ẹ́ ní àkókò ìrìn. Inú ọkọ̀ náà ni a kun àmì funfun ọ̀nà náà sí, kí ó lè yé gbogbo ènìyàn pé ọkọ̀ ni ọ̀nà.

Ní àkótán, ìtàn yìí fi hàn pé iṣẹ́ tí bàtà fẹ́ ṣe ni a fi ń yan bàtà. Ojú tí ayé fi ń wò ó kọ́. Yìnyín ń fẹ́ búùtù. Ọ̀nà gígùn ń fẹ́ èyí tí kò ní fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Odò ń fẹ́ èyí tí ó di gìgísẹ̀ mú, tí ìka kò sì yọ síta fún òkúta. Àgọ́ ń fẹ́ èyí tí ó gbẹ tí ó sì rọ̀. Omi tí ó bá ju ẹsẹ̀ lọ, kí a wá ọkọ̀ tàbí kí a dúró. Fún àwa tí a ń kọ́ nípa ìtàn, ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀. Bàtà Cherokee ti fúyẹ́ kí àwọn olùwádìí tó gbé ìwọ̀n wọn jáde, kánfáàsì ìyá àgbà sì ti rin 2,050 máìlì ní ọdún 37 kí ìwé Jardine tó jáde. Ìmọ̀ tí ó wà ní ẹsẹ̀ àwọn tí a kò kà sí, ó yẹ kí òpìtàn wá a rí, kí ó sì fi orúkọ wọn tì í.