Orúkọ fún Ògiri Oníbíríkì

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ẹni tí yóò fi Yorùbá kọ̀wé nípa ilé kíkọ́ wo ògiri fínnífínní kí ó tó wá orúkọ fún un. Èyí tí mo fẹ́ wò ni ilé George Wythe, amòfin tí ó kọ́ Thomas Jefferson ní ìmọ̀ òfin, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gìrìwò pupa fòò tí a kọ́ láàárín ọdún 1750 sí 1760 ní Williamsburg, ìlú kékeré kan ní Virginia ní Amẹ́ríkà, tí Ọ̀gágun Washington sì fi ṣe ibùdó kí ogun Yorktown ọdún 1781 tó bẹ̀rẹ̀.

Bíríkì fúnra rẹ̀ kò nílò àtúnsọ. Ó ti di ọmọ ilé, ó sì ti bí bíríkìlà fún wa. Títò rẹ̀ ni ó le. Nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, bíríkì tí ó na ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ síta ni ó ń tẹ̀lé èyí tí ó yọ orí nìkan, tí ìyókù ara rẹ̀ wọnú ògiri lọ láti di iwájú mọ́ ẹ̀yìn, tí ojú ìpàdé bíríkì méjì kì í sì í bọ́ sórí ojú ìpàdé ti ìsàlẹ̀, nítorí bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ àwọn ará Flanders pe ìtò yìí, ṣùgbọ́n orúkọ ìran kò lè júwe iṣẹ́ ọwọ́ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ní tèmi, afẹ̀gbẹ́hàn ni bíríkì èkínní, aforíhàn ni èkejì, kí ìtò náà sì máa jẹ́ ìtò ẹ̀gbẹ́-kan-orí-kan. Àwọn ti ẹ̀bá fèrèsé, tí a lọ̀ mọ́ òkúta títí wọ́n fi jọ̀lọ̀ tí wọ́n sì pupa ju ìyókù lọ, àlọ̀dán ni yóò bá wọn mu.

Òkè fèrèsé kò tilẹ̀ gba wàhálà: àtẹ́rígbà ti wà nínú Bíbélì wa láti ayé Àjàyí Crowther, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ni a fi ń ṣe tiwa láyé àtijọ́, tí ti Wythe sì jẹ́ bíríkì tí a gé kí òkè wọn gbòòrò ju ìsàlẹ̀ lọ, tí wọ́n fi há ara wọn mọ́ra.

Àlàfo tí ó la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí yàrá méjì-méjì wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀, àwọn kan ìbá pè é ní họ́ọ̀lù. Èmi kò gbà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ti ilé ìdáná, a kò ní ṣẹ̀dá ohunkóhun: ó dá dúró ní àgbàlá gẹ́gẹ́ bí tiwa àtijọ́, iṣẹ́ ibẹ̀ sì ni ti Lydia Broadnax, ẹrú tí ó ń se oúnjẹ fún Wythe títí ó fi dá a sílẹ̀ lómìnira ní 1787.