Àbùdá Kọ́ńpáàtì nínú Tọpọ́lọ́jì

Àyè tọpọ́lọ́jì jẹ́ kọ́ńpáàtì bí ó bá ṣe pé àkójọ ṣíṣí yòówù tí a fi bò ó, ì báà má lóǹkà, a ó rí ìwọ̀nba tó lóǹkà lára wọn tí yóò bò ó tán. Maurice Fréchet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ṣùgbọ́n èrò náà dàgbà jù ú lọ.

Ẹ mú gbogbo nọ́ńbà láti 0 dé 1, kí 0 àti 1 fúnra wọn wà níbẹ̀. Kọ́ńpáàtì ni. Émile Borel ti fi ẹ̀rí irú èyí hàn ní 1895. Henri Lebesgue ló wá fẹ̀ ẹ́ kan gbogbo ìbora. Ẹ yọ 0 kúrò, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ fi àkójọ nọ́ńbà tó ju 1/2 lọ bò ó, ẹ fi èyí tó ju 1/3 lọ kún un, àti èyí tó ju 1/4 lọ, bẹ́ẹ̀ láìdúró. Lápapọ̀, wọ́n bò ó tán, àmọ́ ẹni tó bá dúró lórí 1/100 ti fi 1/200 sílẹ̀ síta. Èyí ló fà á tí 1/x fi ń ga láìlópin níbẹ̀, nígbà tí fọ́nkṣọ̀n tí kò já lórí àyè kọ́ńpáàtì gbọ́dọ̀ dé góńgó rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn láti túmọ̀ kọ́ńpáàtì wà: kí gbogbo ìtòtẹ̀léra ojúàmì ní apá kan tó ń sún mọ́ ojúàmì kan nínú àyè náà. Níbi tí a bá ti lè wọn jíjìnnà, ohun kan náà ni méjèèjì. Níbòmíràn, wọ́n lè pínyà, ọ̀kan kò sì bí èkejì.

Ní Moscow, Paul Alexandroff àti Paul Urysohn di ti ìbora mú. Urysohn kú sómi òkun ní ilẹ̀ Faransé ní 1924, ọmọ ọdún 26 péré; àdánù ńlá ni. Lójú tèmi, onímọ̀ ìṣirò Tychonoff ló fi ìdí yíyàn wọn múlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930: bí a bá sọ àwọn àyè kọ́ńpáàtì di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, iye yòówù kí wọ́n jẹ́, kọ́ńpáàtì ni èsì. Ìtòtẹ̀léra kò lè ṣe èyí. Ní 1950, John Kelley fi hàn pé òfin Tychonoff àti òfin yíyàn inú ẹ̀kọ́ àkójọ kò ju ara wọn lọ.

Àwọn ìbátan kọ́ńpáàtì rọ̀ jù ú lọ. Jean Dieudonné mú ọ̀kan lára wọn, parakọ́ńpáàtì, wá ní 1944. Ní 1948, Arthur Stone fi ẹ̀rí hàn pé gbogbo àyè tí a lè wọn jíjìnnà nínú rẹ̀ ló ní in, títí kan ìlà gbogbo nọ́ńbà, tí kì í ṣe kọ́ńpáàtì rárá.