Ìgbafẹ́ ní Ẹkùn Olómi Ìlàjẹ

Ẹkùn olómi Ìlàjẹ ni apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó fara kan Òkun Àtìláńtíìkì. Igbókòdá ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1996 nígbà tí wọ́n pín Ìlàjẹ/Ẹsẹ̀-Odò sí méjì. Àwọn Ìkálẹ̀ wà lókè àwọn Ìlàjẹ, àwọn Àpọ́ì àti Ìjọ́ Arógbò wà ní ìlà-oòrùn, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tó wà létí omi sì bá wọn pààlà ní ìwọ̀-oòrùn. Omi ló gba ibẹ̀ kan: ọ̀sà, odò, irà àti òkun. Nítorí náà, orí omi tàbí etí rẹ̀ ni àlejò ti máa ń ṣe fàájì ní Ìlàjẹ. Yóò wọ ọkọ̀, yóò dọdẹ ẹja, yóò rìn létíkun, yóò wo ẹyẹ, yóò sì bẹ ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó wò. Díẹ̀ ni ohun tí wọ́n kọ́ nítorí àlejò nìkan níbẹ̀. Omi tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń jẹun náà ni àlejò ń bá wọn lò, ẹni tó bá sì fi èyí sọ́kàn ni yóò gbádùn ìrìn àjò rẹ̀ jù.

Ọ̀nà àti èbúté

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí láti ìlú Benin yóò yà kúrò lójú títì márosẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, yóò gba Òkìtìpupa, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ dé Igbókòdá. Láti èbúté Igbókòdá ni ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Ayétòrò, Àwòyè, Ugbónlá àti àwọn abúlé mìíràn tó wà lójú omi. Ọjà Igbókòdá tó fún ara rẹ̀ ní wákàtí kan tàbí méjì. Níbẹ̀ ni ẹja tútù, ẹja gbígbẹ àti edé ti ń ti inú ọkọ̀ bọ́ sórí ilẹ̀, tí gaàrí, iṣu àti ẹ̀fọ́ láti òkè sì ń wọnú ọkọ̀ lọ.

Ọkọ̀ wíwà

Irú ọkọ̀ méjì ni àlejò lè wọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, tó ń sáré, tó sì ń pariwo. Ìkejì ni ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá gígùn tì níbi tí omi kò bá jìn. Tí ibi tí ẹ ń lọ kò bá jìnnà, ọlọ́pọ́n ni kí ẹ wọ̀. Ẹ́ńjìnnì a máa lé ẹyẹ sá, ìgbì rẹ̀ a sì máa gbọn ọkọ̀ kéékèèké àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà. Nínú ọlọ́pọ́n ni a ti ń rí lékeléke àti àwọn ẹyẹ apẹja tó dúró sórí gbòǹgbò igi ẹ̀gbà, níbi tí omi iyọ̀ ti ń bá omi odò pàdé. Bí a bá ń wọ inú lọ síbi tí omi kò ti níyọ̀, igbó ògùrọ̀ ni yóò gba etí odò.

Kí ẹni tó mọ ìtàn Mọrèmi wo igbó ògùrọ̀ yìí dáadáa. Ìtàn náà ní àwọn Ugbò fi imọ̀ ògùrọ̀ bo ara láti fi dẹ́rù ba àwọn ará Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ará Ugbò ní Ìlàjẹ, tí Olúgbò jẹ́ ọba wọn, sì gbà pé àwọn ni ìran àwọn jagunjagun náà. Màhín, ìlú tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Amapẹtu, ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1885, ilé iṣẹ́ oníṣòwò Jámánì kan, G. L. Gaiser ti Hamburg, bá ọba ibẹ̀ ṣe àdéhùn lórí etíkun náà. Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, sọ ilẹ̀ náà di èyí tó wà lábẹ́ ààbò Jámánì, ṣùgbọ́n kí ọdún yẹn tó parí, Jámánì ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ atukọ̀ ló ń mú àlejò kọjá Màhín láìsọ nǹkan kan fún un.

Iyanrìn àti ẹrẹ̀

Ìyàtọ̀ tí àlejò gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó gbéra nìyí, nítorí pé òun ni yóò sọ ohun tí ó lè ṣe ní etíkun. Ní ìwọ̀-oòrùn, ní Ararọ̀mí Seaside, iyanrìn ni etíkun, bíi ti Lẹ́kì. Ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ lásán rìn níbẹ̀, kí ó gbá bọ́ọ̀lù, kí ó jókòó sábẹ́ igi àgbọn, kí ó sì máa wo àwọn apẹja bí wọ́n ṣe ń fa àwọ̀n wálé. Bí a bá kọjá síhà ìlà-oòrùn, iyanrìn yóò tán, ẹrẹ̀ dúdú múlọ́múlọ́ yóò sì gba etíkun náà títí lọ sápá ibi tí Odò Benin ti ń wọ òkun. Èyí ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní etíkun ẹlẹ́rẹ̀ ti Màhín. Omi òkun a máa gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n àwọn kòtò ńlá wà nísàlẹ̀ òkun ní sàkáání yẹn, tí wọ́n ń pè ní Avon àti Màhín, tí púpọ̀ nínú iyanrìn náà ń rọ́ sí. Èyí tó ń kọjá wọn kì í tó nǹkan mọ́. Ẹrẹ̀ kò sì lágbára láti dúró níwájú ìgbì.

Nítorí náà, Ararọ̀mí ni kí ẹni tó fẹ́ jókòó létíkun lọ. Síbẹ̀, kí ó má rò pé omi ibẹ̀ rọ̀. Òkun apá ibí yìí a máa fa ènìyàn lọ sínú agbami lójijì, àní ẹni tó mọ̀wẹ̀ pàápàá. Bí omi bá fa ènìyàn, kí ó má bá a jìjàkadì kó lè tètè padà sí etíkun. Kí ó wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọmọdé má kọjá ibi tí omi ti dé kókósẹ̀.

Ayétòrò

Ìlú Ayétòrò yẹ ní wíwò ju gbogbo ibi tó kù lọ. Àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tí wọ́n ti ara Kérúbù àti Séráfù jáde ló tẹ̀ ẹ́ dó ní oṣù kìíní ọdún 1947, lórí ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó lè gba ilé. Wọ́n gbé ilé sórí òpó, wọ́n fi pákó ṣe títì láàárín rẹ̀, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ ń pín èrè, kò sí tèmi-ni kò sí tìrẹ-ni, títí di òpin àwọn ọdún 1960. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, àwọn onímọ̀ láti òkè òkun sì wá ṣe ìwádìí nípa ìgbé ayé wọn. Rírìn lórí títì pákó Ayétòrò ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn obìnrin ń yan ẹja, kò ní ẹgbẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n òkun ń jẹ ìlú náà. Ilé, títì àti ibi ìsìnkú ti wọ omi lọ, àwọn ẹbí kan sì ti ṣí láti ibì kan dé ibòmíràn léraléra nínú ìlú kan náà. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde láti ọdún 2004, kò sì dí i lọ́wọ́. Kí àlejò má ya fọ́tò ilé tó wó láìgba àṣẹ, nítorí pé ẹni tó ni ilé náà lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹja pípa àti oúnjẹ

Àlejò tó bá bẹ apẹja dáadáa, tó sì san owó ọjọ́ fún un, lè bá a lọ ju àwọ̀n tàbí kí ó bá a yẹ ìgèrè wò ní òwúrọ̀. Epìyà àti àrọ̀ ni ti omi odò; ọ̀bọ̀kún, akàn àti edé ni ti apá tó níyọ̀. Púpurú ni wọ́n sì máa fi jẹ ẹja náà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ ni, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á gbé e sórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú, kí wọ́n tó ha á, kí wọ́n gún un, kí wọ́n sì rò ó. Ọbẹ̀ màrúgbó tún wà. Ẹni tó bá ṣe kòńgẹ́ ayẹyẹ yóò rí ijó bírípo. Òrìṣà Ayélála, tí wọ́n ń bọ dé ìlú Benin, láti ilẹ̀ yìí ló ti wá. Nítorí irú òrìṣà bẹ́ẹ̀, bí atukọ̀ bá ní kí ẹ má sọ̀ kalẹ̀ níbì kan, ẹ má bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Àsìkò àti ìmúrasílẹ̀

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dára jù. Ìgbì a máa le ní oṣù keje sí ìkẹsàn-án. Ewéko ojú omi tó wọ Nàìjíríà láti orílẹ̀-èdè Benin ní ọdún 1984 a sì máa dí ọ̀nà ọkọ̀ nígbà òjò. Ẹ gbé omi mímu, owó kéṣì, oògùn ibà àti àwọ̀n ẹ̀fọn dání. Bí atukọ̀ kò bá ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó tó gbogbo èrò, ẹ má wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ganvié, ìlú orí omi tó wà lórí adágún Nokoué nítòsí Kòtònú, kò dára ju Ayétòrò lọ, síbẹ̀ àlejò ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti gbogbo ayé, nítorí pé èbúté kan wà ní Abomey-Calavi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ní iye tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Igbókòdá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó bá fẹ́ fi Ìlàjẹ pe àlejò má kọ́kọ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Kí ó kọ́kọ́ dá òkun dúró ní Ayétòrò.