Ta Ló Ń Sanwó Fún Ẹni Tó Ń Béèrè Ọ̀rọ̀ Ìyàrá?

A ti bá yín sọ̀rọ̀ nípa ibà, nípa omi mímu, nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé. Tòní yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni, owó tí wọ́n fi ń wádìí ìbálòpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin.

Ẹ lè ní, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá o. Bí nọ́ọ̀sì bá ní ká fi àyè sí àárín ọmọ kan sí èkejì, bí ìjọba bá ṣe òfin lórí Sídà, ó yẹ kó jẹ́ pé ẹnì kan ti kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn. Ẹni náà ní láti jẹun, ó ní láti wọ mọ́tò, ó ní láti ra ìwé. Ta ló ń sanwó rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọṣẹ́ aránṣọ ṣe àpèjúwe. Ó kọ́ṣẹ́ parí, ọ̀gá ti tú u sílẹ̀, wọ́n ti ya fọ́tò, wọ́n ti jẹ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ, kò ní ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá rí ẹni dì í mú lọ́dún kan tàbí méjì yẹn, iṣẹ́ tó kọ́ á gbé, á lọ máa gun zémidjan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì rí. Owó tí wọ́n ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó lè fi ọdún kan tàbí méjì ṣe ìwádìí tirẹ̀ kó tó rí iṣẹ́ gidi, ni à ń sọ. Bó bá jẹ́ pé àgbàdo ló fẹ́ wádìí, kò sẹ́ni tí yóò bínú. Bó bá jẹ́ ìbálòpọ̀, ojú á kọ́kọ́ ti gbogbo èèyàn, àwọn olówó náà á sì máa wo ojú ìjọba kí wọ́n tó tọwọ́ bọ àpò.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alfred Kinsey ti Yunifásítì Indiana, kòkòrò ló ń wádìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìgbéyàwó, ó rí i pé ìwé kò dáhùn ohun tí wọ́n ń bi í, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn fúnra wọn. Láti 1941 ni owó Rockefeller Foundation ti ń ràn án lọ́wọ́. Ìwé rẹ̀ lórí ọkùnrin jáde ní 1948, ariwo sọ. Ìyẹn tó kọ lórí obìnrin jáde ní 1953, ariwo náà di ìjà. Àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí àwọn olówó yẹn ń fi owó wọn ṣe, nígbà tó sì di 1954, owó Kinsey dúró. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú.

Nígbà tí Sídà yọjú ní 1981, gbogbo ayé rí i pé àìmọ̀ lè pààyàn. Síbẹ̀ ojú ṣì ń ti àwọn ìjọba. Ní 1989, ìjọba Margaret Thatcher ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti sanwó ìwádìí ńlá kan lórí ìbálòpọ̀. Wellcome Trust ló gbé owó sílẹ̀, wọ́n sì bá èèyàn 18,876 sọ̀rọ̀. Ní 1991, mínísítà ìlera Amẹ́ríkà fagi lé ìwádìí lórí àwọn ọ̀dọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀. Àwọn tó fẹ́ wádìí àwọn àgbà lọ tọrọ lọ́dọ̀ àwọn àjọ aládàáni, èèyàn 3,432 péré ni wọ́n sì rí bá sọ̀rọ̀ ní 1992. Ilẹ̀ Faransé ò ṣe bẹ́ẹ̀. Owó ìjọba ni wọ́n fi ṣe tiwọn láàárín 1991 sí 1992, èèyàn 20,055 ló sì dáhùn. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ní 1995, Social Science Research Council ní New York gba owó lọ́wọ́ Ford Foundation, wọ́n sì dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, pé kí wọ́n wádìí ìbálòpọ̀ láìbẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé wàyí. Ní July 1920, ilẹ̀ Faransé ṣe òfin kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ polongo ọ̀nà ìfètò sọ́mọ bíbí. Ogun ti pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin wọn, wọ́n fẹ́ ọmọ púpọ̀. Ìdí tiwọn nìyẹn. Àmọ́ òfin yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn ní Áfíríkà jogún. Ta ló bi àwọn ìyá wa léèrè? Ká ní wọ́n béèrè ni, wọn ì bá gbọ́ pé ìfètò sọ́mọ bíbí ti wà nílé tipẹ́. Ṣé ẹ rántí ohun tí àwọn ìyá àgbà máa ń sọ? Obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í sùn ti ọkọ, wọ́n ní àtọ̀ á ba omi ọmú jẹ́. Nọ́ọ̀sì á sọ fún yín lónìí pé kò bà á jẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n àyè tí òfin ìyá àgbà fi sílẹ̀ yẹn ṣe ọmọ láǹfààní. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní kí obìnrin dúró fún oṣù 24 ó kéré tán lẹ́yìn ìbímọ kó tó tún lóyún.

Àwọn kan lọ wádìí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yìí. John Caldwell àti Pat, ìyàwó rẹ̀, ará Australia, ṣe tiwọn ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970. I. O. Orubuloye wádìí rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin abúlé ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Sídà dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí Èkìtì, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 1991. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí: nígbà tí ìyàwó bá ń yàgò fún ọkọ nítorí ọmọ ọwọ́, ọ̀pọ̀ ọkọ a máa lọ síta. Àṣà tó ń dáàbò bo ọmọ lè ṣílẹ̀kùn fún àrùn. Ta ni ì bá mọ̀ tí wọn ò bá béèrè? Kì í ṣe pé kí ẹ wá sọ àṣà nù o. Kí tọkọtaya jọ jókòó sọ ọ́ ni, kí wọ́n sì mọ̀ pé rọ́bà ìdáàbòbò wà, ọ̀nà ìfètò sọ́mọ bíbí mìíràn náà sì wà.

Ní Togo tiwa, Thérèse Locoh, ọmọ Faransé tó ń ṣe ìmọ̀ ìkànìyàn, gbé ìwé jáde ní 1984 nípa ìbímọ àti ẹbí ní gúúsù ilẹ̀ wa. Ní 1988, Unité de Recherche Démographique ti yunifásítì Lomé ṣe ìwádìí ìlera àkọ́kọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Nínú àwọn obìnrin 100 tó wà lọ́dọ̀ ọkọ, bíi 3 péré ló ń lo ọ̀nà òde òní. Nígbà tí wọ́n tún béèrè ní 2013 sí 2014, ó ti di 17. Ìwádìí kan náà ló fi hàn pé nínú àgbàlagbà 100, bíi 2 tàbí 3 ló ní kòkòrò Sídà lára. Láàárín méjèèjì, ní January 2007, Togo ṣe òfin ìlera ìbímọ tirẹ̀, tó fún tọkọtaya lẹ́tọ̀ọ́ láti pinnu iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ àti ìgbà tí wọ́n fẹ́ bí i. Ẹ fi èyí wé ti 1920, ẹ ó rí ìyàtọ̀ òfin tó béèrè àti òfin tí kò béèrè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kò tíì tán. Àgbẹ̀ òwú ni ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ mọ̀ ọ́n ju èmi lọ: ẹni tó bá gbé ajílẹ̀ fún ni ní àwìn, òwú tirẹ̀ ló ń retí, kì í ṣe iṣu. Bẹ́ẹ̀ ni owó ìwádìí rí. Ní 2003, owó Ford dé Èkó, àjọ Action Health Incorporated fi dá ibùdó ìmọ̀ ìbálòpọ̀ kan sílẹ̀ fún Áfíríkà, wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ ilẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n dojú kọ: Nàìjíríà, Íjíbítì, Kẹ́ńyà àti South Africa. Togo kò sí níbẹ̀. Ọmọ Datcha tó bá gba oyè ọ̀mọ̀wé, tó fẹ́ mọ bí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń wá iṣẹ́ àti àwọn awakọ̀ tó ń kọjá ṣe ń gbé nílùú wa, olówó ìta ni yóò lọ tọrọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tí olówó bá sì fẹ́ mọ̀ ni yóò béèrè. Kò burú ká gba owó àlejò. Ohun tó burú ni kí ìjọba tiwa má dá kọ́bọ̀, ká wá máa retí pé ìbéèrè tiwa ni wọ́n á béèrè.

Nítorí náà, bí ẹni tó ń wádìí bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ má lé e, ẹ má sì purọ́ fún un. Ẹ kọ́kọ́ bi í: Ta ló rán ọ, ta ló sì ń sanwó? Ṣé orúkọ mi á wà nínú ìwé? Níbo ni èsì yóò padà sí? Ẹ̀tọ́ yín ni láti mọ̀ kí ẹ tó gbà, ẹ̀tọ́ yín náà ni láti kọ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ òtítọ́ fún un. Kí ẹ sì sọ fún un pé, nígbà tó bá parí, kó mú èsì wá sí rédíò yìí, kó sọ ọ́ ní èdè tí ìyá àgbà gbọ́. Àwa á fún un láyè.